Office Tuntun Dé: Ṣé Kí Iléeṣẹ́ Wa Rà Á?

Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025, Microsoft dáwọ́ àtúnṣe dúró lórí Office 2016 àti Office 2019. Ọjọ́ yẹn kan náà ni wọ́n dáwọ́ dúró lórí Windows 10. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, àwọn akọ̀wé tan kọ̀ǹpútà, Word ṣí, Excel ṣí, lẹ́tà sì ń jáde lẹ́nu ẹ̀rọ ìtẹ̀wé bó ṣe ń jáde tẹ́lẹ̀. Àwọn tó ti ń bẹ̀rù pé ohun gbogbo yóò dákú rẹ́rìn-ín. Àwọn tí kò gbọ́ rárá kò mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Nǹkan sì ṣẹlẹ̀ ní tòótọ́, ojú ni kò rí i.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ yìí ti máa ń dàrú mọ́ àwọn ọ̀gá iléeṣẹ́ lójú. Tí ọmọ tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà bá wọlé wá sọ pé, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká pààrọ̀ Office yìí," ohun tí wọ́n máa ń dá a lóhùn ni pé, "Kí ló ṣe èyí tí à ń lò?" Ìbéèrè náà dára, àmọ́ kò tó. Ó yẹ kí wọ́n tún béèrè ẹni tó ń tún èyí tí à ń lò ṣe, àwọn tí à ń bá pààrọ̀ fáìlì, àti ohun tí yóò bàjẹ́ lọ́jọ́ tí a bá pa á tì. Ní tèmi, iléeṣẹ́ kékeré kò ní láti sáré ra Office tuntun lọ́jọ́ tó bá jáde. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò ní rí ìyàtọ̀ kankan nínú iṣẹ́ wọn. Ṣùgbọ́n n kò tíì gbọ́ àwáwí tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ lẹ́nu iléeṣẹ́ tó ń lo èyí tí àtúnṣe rẹ̀ ti dópin, tó sì tún ń fi gba ìwé lọ́wọ́ àwọn ará ìta.

Ohun tí à ń pè ní ẹ̀dà

Office kì í ṣe ètò kan ṣoṣo. Àkójọ ètò ni: Word fún lẹ́tà, Excel fún ìṣirò, PowerPoint fún àlàyé níwájú ìpàdé, Outlook fún ímeèlì, àti àwọn mìíràn. Ọdún 1990 ni Microsoft kọ́kọ́ di Word, Excel àti PowerPoint pọ̀ tà fún àwọn tó ń lo Windows. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń gbé tuntun jáde ní ọdún mélòó kan síra: 97, 2000, XP, 2003, 2007, 2010, 2013, 2016, 2019, 2021, 2024. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ni ẹ̀dà.

Àtúnṣe yàtọ̀ sí ẹ̀dà. Àtúnṣe ni ohun tí kọ̀ǹpútà ń fà láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, tó sì ń jẹ dátà wa, kí ó lè dí ihò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí nínú ẹ̀dà tó wà lórí rẹ̀. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kejì nínú oṣù ni Microsoft máa ń kó èyí tó pọ̀ jù nínú wọn jáde. Àtúnṣe kì í sọ Office 2016 di 2019. Ẹni tó ní 2016, tó sì gba gbogbo àtúnṣe rẹ̀ pátá títí di 2025, 2016 ló ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn kan a máa sọ pé, "Tiwa ń sọ ara rẹ̀ di tuntun," wọ́n á sì rò pé àwọn ti bọ́ lọ́wọ́ ìpinnu. Wọn kò bọ́.

Àfi tó bá jẹ́ irú kejì ni wọ́n ń lò. Láti 2011 ni Microsoft ti ń ta Office 365, èyí tí ọ̀pọ̀ wa mọ̀ sí Microsoft 365 láti ọdún 2020. Office tí ọdún wà lára orúkọ rẹ̀ dà bí ilé tí ènìyàn kọ́: ẹ san owó lẹ́ẹ̀kan, ẹ kó sínú rẹ̀, bí ó bá sì gbó, ẹ̀yin ló gbó mọ́ lọ́wọ́. Microsoft 365 dà bí ilé tí a háyà: onílé ló ń tún òrùlé ṣe, ó tilẹ̀ lè kun ògiri ní àwọ̀ tí ẹ kò fẹ́ kí ilẹ̀ tó mọ́, àmọ́ ìgbà tí owó bá tán ni ilẹ̀kùn ń tì. Bí ilẹ̀kùn yìí ṣe ń tì kò burú tó bí àwọn kan ṣe ń sọ. Fáìlì yín kò ní parẹ́. Ẹ ó lè ṣí i lórí kọ̀ǹpútà yín, ẹ ó lè kà á, ẹ ó lè tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé. Ohun tí ẹ kò ní lè ṣe ni kí ẹ yí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ padà tàbí kí ẹ dá tuntun sílẹ̀, títí ẹ ó fi san owó.

Nàìjíríà ni à ń gbé, nítorí náà ohun méjì wà tó yẹ ká fi kún ìṣirò. Kọ̀ǹpútà tó ń lo Microsoft 365 gbọ́dọ̀ kan íntánẹ́ẹ̀tì ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan láàárín ọgbọ̀n ọjọ́ kí ó lè fi hàn pé owó ti wọlé; ẹ̀ka iléeṣẹ́ tó wà níbi tí nẹ́tíwọ́kì kì í dúró yóò jìyà èyí. Bákan náà, ọjà dọ́là ni sọ́fíwíà. Láti oṣù kẹfà ọdún 2023 tí ìjọba ti fi iye náírà sílẹ̀ fún ọjà láti pinnu, kò sí akáǹtáǹtì tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé iye tí òun kọ sínú ètò ìnáwó ní oṣù kìíní fún ohun tí à ń san díẹ̀díẹ̀ yóò dúró bẹ́ẹ̀ títí dé oṣù kejìlá. Èyí tí a ra lẹ́ẹ̀kan, a ti rà á ná.

Ọjọ́ tí àtúnṣe dópin

Gbogbo ẹ̀dà tó ní ọdún lára orúkọ ló ní ọjọ́ tí Microsoft yóò gbọ́wọ́ kúrò lára rẹ̀, wọ́n sì máa ń kéde ọjọ́ náà tipẹ́tipẹ́. Ti 2003 pé ní ọjọ́ 8 oṣù kẹrin 2014, ti 2007 pé ní ọjọ́ 10 oṣù kẹwàá 2017, ti 2010 pé ní ọjọ́ 13 oṣù kẹwàá 2020, ti 2013 sì pé ní ọjọ́ 11 oṣù kẹrin 2023. Ọjọ́ 13 oṣù kẹwàá 2026 ni wọ́n dá fún 2021. Ti 2024 jẹ́ ọjọ́ 9 oṣù kẹwàá 2029.

Ẹ ṣírò wọn, ẹ ó rí ohun kan tí àwọn tó ń tà á kì í sábà sọ. Ọdún mẹ́wàá ni Office 2016 lò lábẹ́ àtúnṣe. Office 2019 lo méje. Ti 2021 àti 2024, ọdún márùn-ún márùn-ún ni wọ́n fún wọn. Ìgbà ń kúrú sí i. Ọjọ́ tí ẹ̀dà jáde sì ni iye ọdún rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ọjọ́ tí ẹ rà á. Iléeṣẹ́ tó ra Office 2021 ní ìparí ọdún 2025 nítorí pé wọ́n tà á fún un ní owó pọ́ọ́kú, àtúnṣe ọdún kan péré ló rà. Tí a bá pín owó náà sí iye oṣù tó kù, ó ṣeé ṣe kí èyí tó dà bíi pé ó wọ́n jù jẹ́ èyí tó dínwó jù.

Kí ló wá ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ náà? Dídí ihò ló ń dáwọ́ dúró. Kí ó lè yé wa dáadáa, ẹ jẹ́ ká wo ìtàn ètò kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Equation Editor.

Òun ni wọ́n fi ń kọ àmì ìṣirò sínú Word. Àwọn olùkọ́ tó ń tẹ ìbéèrè ìdánwò mọ̀ ọ́n bí ẹni mowó. Èyí tó wà nínú Office láti nǹkan bí ọdún 2000 jókòó síbẹ̀ láìsí ẹni tó bìkítà fún un. Nígbà tí Office 2007 mú ọ̀nà mìíràn wá láti kọ ìṣirò, wọ́n fi èyí àtijọ́ sílẹ̀ nítorí àwọn fáìlì àtijọ́ tó ṣì nílò rẹ̀. Ní 2017 ni àwọn oníwàádìí wá kéde ihò kan nínú rẹ̀ tó ti wà níbẹ̀ fún ọdún mẹ́tàdínlógún. Ẹni tó bá mọ ihò náà lè ṣe fáìlì kan tí yóò gba àkóso kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ ẹni tó bá ṣí i, láìlo macro (ìyẹn àṣẹ tí ènìyàn kọ sínú fáìlì) rárá. Microsoft dí i ní oṣù kọkànlá 2017. Nígbà tó di oṣù kìíní 2018, wọ́n yọ Equation Editor kúrò pátápátá.

Ẹ wá ro ti ẹni tó ṣì ń lo Office 2003 lásìkò yẹn. Ètò rẹ̀ ń ṣí láràárọ̀ bó ti yẹ. Ihò náà wà nínú tirẹ̀ pẹ̀lú, kò sì sí ẹni tí yóò dí i fún un, torí pé àtúnṣe 2003 ti dópin láti 2014. Ohun tó tún ba ọ̀rọ̀ jẹ́ ni pé ọjọ́ tí Microsoft dí ihò fún àwọn ẹlòmíràn ni ihò náà di mímọ̀ fún gbogbo olè. Àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí máa ń tú àtúnṣe wò láti mọ ohun tó yí padà, wọ́n á sì mọ ibi tí wọ́n lè gbà wọlé sára àwọn tí kò gbà á. Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn 2017 ni wọ́n ṣì ń gba ihò yìí kan náà jalè, nípasẹ̀ ímeèlì tó dà bí ìwé owó láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ń kó ọjà wá. Ta ló sì ń ṣí ìwé owó níbi iṣẹ́? Akáǹtáǹtì ni, ẹni tó ń fi kọ̀ǹpútà yẹn náà wọ àkáǹtì iléeṣẹ́ ní báńkì.

"A ní ohun tó ń ṣọ́ fáírọ́ọ̀sì" ni ìdáhùn tí mo máa ń gbọ́ jù. Ó ń ṣèrànwọ́, n kò sẹ́. Ṣùgbọ́n èyí tó bá jọ ohun tó ti rí rí ló mọ̀ ọ́n dá dúró jù. Kì í dí ihò. Ìdáhùn kejì ni pé kọ̀ǹpútà náà kì í dé orí íntánẹ́ẹ̀tì. Tó bá jẹ́ òótọ́, tí kò sì sí fláàṣì tó ń ti ibòmíràn wọ inú rẹ̀, ọ̀rọ̀ yí padà nìyẹn: ẹ lè lo irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ pẹ́ títí. Òótọ́ náà ni kì í sábà pé. Yàtọ̀ sí èyí, Nàìjíríà ti ní Òfin Ìdáàbòbò Dátà láti 2023, ó sì ní kí ẹni tó bá kó ìsọfúnni àwọn ènìyàn pamọ́ ṣètò ààbò tó yẹ fún un. Ilé ìwé tó ní orúkọ òbí àti nọ́ńbà fóònù wọn, ilé ìwòsàn tó ní káàdì aláìsàn, gbogbo wọn ló kàn.

Fáìlì tí à ń bá ara wa pààrọ̀

Láti 97 dé 2003, ẹ̀dà mẹ́rin jáde, irú fáìlì kan náà ni Word gbogbo wọn sì ń kọ. Ẹni tó ní Word 97 lè ka ohun tí ẹni tó ní Word 2003 tẹ̀. Ó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ènìyàn fi gbàgbé pé fáìlì lè ní ẹ̀dà. 2007 ló rán wọn létí. Wọ́n fi lẹ́tà x kan kún ìdí orúkọ fáìlì: .doc di .docx, .xls di .xlsx, .ppt di .pptx. Ó ju orúkọ lọ. Irú fáìlì tuntun yìí jẹ́ àpò zip tí wọ́n kó ọ̀rọ̀, àwòrán àti ètò ojú ìwé sí lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, lọ́nà tí àwọn iléeṣẹ́ mìíràn náà lè kà. Ní 2008, ó di ìlànà àgbáyé lọ́dọ̀ àjọ ISO. Microsoft fi ohun èlò kan sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ tó ń jẹ́ kí Office 2000, XP àti 2003 ṣí fáìlì tuntun. Púpọ̀ nínú wa kò gbọ́ nípa rẹ̀. Ohun tí a gbọ́ ni ohùn ọmọ tó ń tẹ̀wé ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà: "Kò ṣí o. Ẹ lọ fi pamọ́ sí 97-2003 kẹ́ ẹ tó gbé e wá." Títí di òní, mo ṣì ń rí àwọn akọ̀wé tó ń fi fáìlì pamọ́ bẹ́ẹ̀ láìmọ ìdí rẹ̀ mọ́.

Nínú Word, àṣà yẹn kò fi bẹ́ẹ̀ pa ènìyàn lára. Nínú Excel, ó lè pa á lára gan-an. Ojú ewé Excel àtijọ́, irú èyí tó ń jẹ́ .xls, kò lè gbà ju ìlà 65,536 lọ, kò sì lè ní ju òpó 256 lọ. Ti .xlsx gba ìlà 1,048,576 àti òpó 16,384. Ó dà bí ọ̀rọ̀ tí kò kan ilé ìtajà tó ní ọgọ́rùn-ún oníbàárà, àfi tí a bá rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní England ní 2020. Lásìkò àrùn COVID-19, àjọ ìlera ìlú náà, Public Health England, ń gba èsì àyẹ̀wò láti ọ̀dọ̀ àwọn iléeṣẹ́ àyẹ̀wò, wọ́n sì ń fà á wọ inú fáìlì .xls. Ẹnì kan tí àyẹ̀wò bá fi hàn pé ó ní àrùn lè gba ju ìlà kan lọ. Nígbà tí ìlà kún, èyí tó kù kàn ṣòfò ni, kò sí ariwo, kò sí ìkìlọ̀. Láàárín ọjọ́ 25 oṣù kẹsàn-án sí ọjọ́ 2 oṣù kẹwàá, ènìyàn 15,841 ni wọn kò kà mọ́ ìṣirò. Àwọn ènìyàn náà gba èsì ti ara wọn, àmọ́ àwọn tí wọ́n ti fara kàn kò tètè gbọ́ pé kí wọ́n jókòó sílé. Irú fáìlì .xls yìí, láti ayé 97, ni wọ́n ṣì ń lò ní ọdún kẹtàlá lẹ́yìn tí Office 2007 ti jáde.

Ẹ kíyè sí i pé ríra Office tuntun nìkan kọ́ ni ìwòsàn irú àrùn yìí. Ẹni tó ní Excel 2024 tó ṣì ń fi fáìlì pamọ́ sí .xls wà nínú àpótí kékeré kan náà.

Ìdíwọ́ tún wà láti apá kejì. Ohun tí ẹ̀dà tuntun mọ̀ ọ́n ṣe lè má yé ẹ̀dà àtijọ́. XLOOKUP, tí àwọn olùṣírò owó fẹ́ràn báyìí láti fi wá nǹkan nínú àtẹ, wà nínú Excel 2021 àti Microsoft 365. Kò sí nínú 2019. Tí olú iléeṣẹ́ ní Èkó bá fi XLOOKUP ṣírò owó oṣù, tí ẹ̀ka Ìlọrin sì ṣí i pẹ̀lú 2016, èsì tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ yóò hàn, ẹnikẹ́ni kò ní fura. Ọjọ́ tí Ìlọrin bá yí nọ́ńbà kan padà tí Excel sì fẹ́ tún un ṣírò ni àmì àṣìṣe #NAME? yóò bo ojú ìwé. Ìdí nìyí tí pípààrọ̀ fún àwọn kan nínú iléeṣẹ́ kí a sì fi àwọn yòókù sílẹ̀ fi máa ń mú wàhálà wá ju kí gbogbo wọn dúró sórí ẹyọ kan lọ.

Àwọn tó ń tẹ Yorùbá ní ọ̀rọ̀ tiwọn nínú èyí. Kí Unicode, ìlànà àgbáyé fún lẹ́tà orí kọ̀ǹpútà, tó gbilẹ̀, fọ́ǹtì àkànṣe ni ọ̀pọ̀ ń lò, tí wọ́n ti fi ẹ, ọ àti ṣ rọ́pò àwọn àmì mìíràn. Fáìlì yẹn kì í ṣeé kà lórí kọ̀ǹpútà tí fọ́ǹtì náà kò sí. Ẹ̀dà tuntun pẹ̀lú fọ́ǹtì òde òní ń gbé àmì ohùn lé orí ẹ́ àti ọ̀ síbi tó yẹ, ìrọ̀rùn ńlá sì ni fún olótùú. Ṣùgbọ́n kò ní tún àwọn ìwé tí ẹ ti tẹ̀ ní 1999 ṣe fún yín. Wọn yóò ní láti gba ọwọ́ ènìyàn kọjá, ìwé kan lẹ́yìn òmíràn.

Ohun tí tuntun lè bà jẹ́

Macro ni àkọ́kọ́. Macro ni àṣẹ tí ẹnì kan kọ sínú Excel tàbí Word kí ó lè dá iṣẹ́ kan ṣe fúnra rẹ̀: tẹ bọ́tìnì kan, ìwé owó oṣù igba òṣìṣẹ́ yóò jáde. Ní ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ wa, ẹnì kan péré ló kọ ọ́, ẹni náà sì ti japa lọ sí Kánádà. Kò sí ẹni tó mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, gbogbo ènìyàn ló sì gbára lé e.

Kí ni ẹ̀dà tuntun lè ṣe fún irú nǹkan bẹ́ẹ̀? Ó lè má ṣe nǹkan kan. Èyí tó pọ̀ jù nínú macro ń ṣiṣẹ́ láti ẹ̀dà kan dé òmíràn. Ṣùgbọ́n láti Office 2010 ni Office ti ní oríṣi méjì, ti 32-bit àti ti 64-bit. Títí dé 2016, 32-bit ló ń bọ́ sórí kọ̀ǹpútà àfi tí ẹ bá yan èkejì. Láti 2019, 64-bit ló ń bọ́ sí i. Macro àtijọ́ tó bá ń pe nǹkan tààrà láti inú Windows yóò kọ̀ lórí 64-bit títí ẹni tó mọ̀ ọ́n yóò fi tún un kọ. Ọ̀nà àbùjá wà: ẹ lè fi 32-bit ti ẹ̀dà tuntun sí i. Àwọn tó ń ta Office kì í sọ èyí fún ènìyàn nítorí pé wọn kì í béèrè ohun tí ẹ ń fi ṣe.

Láti 2022, Microsoft tún bẹ̀rẹ̀ sí í dí macro inú fáìlì tó bá ti orí íntánẹ́ẹ̀tì wá. Ẹ lè fi fáìlì owó oṣù yín ránṣẹ́ sí ara yín lórí ímeèlì kí Excel tuntun sì kọ̀ láti jẹ́ kó ṣiṣẹ́. Kì í ṣe àbùkù. Ó ń dá àwọn olè tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan dúró. Office 2024 tún pa ActiveX, ìyẹn àwọn bọ́tìnì àti àpótí oríṣi kan tí wọ́n máa ń fi sínú fọ́ọ̀mù láyé àtijọ́. Ẹ̀yin fúnra yín ni yóò tún un tàn bí ẹ bá nílò rẹ̀.

Ètò odidi tilẹ̀ lè lọ. Publisher, tí àwọn ilé ìjọsìn àti ilé ìwé ń fi tẹ ìwé ètò ìsìn àti ìwé ìpè ìgbéyàwó, kò sí nínú Office 2024 rárá, Microsoft sì ti kéde pé oṣù kẹwàá 2026 ni òpin rẹ̀. Àwọn tó bá ní fáìlì .pub lọ́pọ̀ yanturu gbọ́dọ̀ sọ wọ́n di PDF tàbí Word nígbà tí ohun tó lè ṣí wọn ṣì wà lọ́wọ́.

Kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ńkọ́? Office 2019 kì í ṣiṣẹ́ lórí Windows 7. Windows 10 tàbí èyí tó jù ú lọ ló ń béèrè, bẹ́ẹ̀ náà ni 2024. Àtúnṣe Windows 10 ti dópin, Windows 11 tó tẹ̀lé e sì ń béèrè ẹ̀rọ ààbò kékeré kan tí wọ́n ń pè ní TPM 2.0, tí kò sí tàbí tí kò tó nínú ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tòkúnbọ̀ tó ń wọlé. Ohun tó bẹ̀rẹ̀ bí ọ̀rọ̀ sọ́fíwíà lè parí sí ríra kọ̀ǹpútà mẹ́wàá. Kí ọ̀gá mọ èyí kí wọ́n tó fọwọ́ sí ìwé.

Àwọn ènìyàn náà ni a kò gbọdọ̀ gbàgbé. Nígbà tí 2007 mú gbogbo àkójọ àṣẹ òkè kúrò, tó sì fi pẹpẹ bọ́tìnì rọ́pò rẹ̀, akọ̀wé tó ti fi ọdún mẹ́wàá mọ ibi tí nǹkan wà di ẹni tó ń wá bó ṣe máa tẹ̀wé. Irú ìyípadà ńlá bẹ́ẹ̀ kò tíì ṣẹlẹ̀ mọ́ láti ìgbà náà. Ẹni tó bá ti ń lo 2010 yóò mọ̀nà nínú 2024.

Èyí tí wọ́n já

Èyí tí wọ́n já, tí ọ̀pọ̀ ń pè ní kíráàkì, kò wọ inú ìṣirò yìí bí ẹ̀dà. Tí ẹni tó ń fi sí i bá ní kí ẹ kọ́kọ́ pa ohun tó ń ṣọ́ fáírọ́ọ̀sì, ẹ mọ̀ pé ohun tó fẹ́ ṣe nílò kí olùṣọ́ má wà níbẹ̀. Ètò tó ń já títì náà ń gba àṣẹ gbogbo kọ̀ǹpútà, kò sì sí ẹni tó mọ ohun mìíràn tó ń ṣe nígbà tó wà níbẹ̀. Òfin Ẹ̀tọ́ Oníṣẹ́ ti Nàìjíríà ti 2022 ka ètò kọ̀ǹpútà mọ́ iṣẹ́ tí òfin dáàbò bò. Iléeṣẹ́ tí kò bá lówó Office ní ọ̀nà mìíràn tó mọ́.

LibreOffice ni ọ̀kan. Ọ̀fẹ́ ni; láti 2010 ló ti ya kúrò lára OpenOffice, ó sì ń ṣí .docx àti .xlsx. Fún lẹ́tà, ìwé ìpàdé àti àkọsílẹ̀ owó tí kò díjú, ó tó, mo sì rò pé àwọn ilé ìwé wa ń fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀ láìnídìí. Ibi tí ó ti ń rẹ̀ ẹ́ ni macro tí wọ́n kọ fún Excel àti ìwé tí ètò ojú ewé rẹ̀ díjú tó ń lọ bọ̀ láàárín ènìyàn púpọ̀. Ìlú Munich ní Jámánì pinnu ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn láti kúrò lọ́dọ̀ Microsoft. Ní 2017 ni ìgbìmọ̀ ìlú náà dìbò láti padà sí Windows. Ní 2024, ìpínlẹ̀ Schleswig-Holstein, ní Jámánì kan náà, kéde pé òun ń kó kọ̀ǹpútà 30,000 lọ sí LibreOffice. Àwọn méjèèjì lówó ju wa lọ, wọn kò sì fẹnu kò.

Bí a ṣe ń pinnu

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí kọ̀ǹpútà, ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tà á. Lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ ṣí Word, ẹ lọ sí File, lẹ́yìn náà Account, ẹ kọ ẹ̀dà tó wà níbẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ sì kọ ọjọ́ tí àtúnṣe rẹ̀ dópin sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ìwé kan péré yìí máa ń yanjú ìjà tó gba ìpàdé mẹ́ta. Èyí tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá, tó sì ń gba ímeèlì, òun ni kó kọ́kọ́ lọ. Èyí tó ṣì ní ọdún méjì níwájú, ẹ fi sílẹ̀, kò sí ohun tó ń lé yín.

Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ gan-an. Akáǹtáǹtì mọ fáìlì tó ní macro. Ọ̀gá kì í mọ̀. Ẹni tó ń tẹ̀wé mọ̀ bóyá Publisher ṣe pàtàkì. Ẹ béèrè ohun tí àwọn tí ẹ ń bá dòwò pọ̀ ń lò: bí báńkì, ìjọba ìpínlẹ̀ tàbí oníbàárà yín tó tóbi jù bá ń fi àtẹ Excel ránṣẹ́ tí kò ṣí dáadáa lọ́dọ̀ yín, ìdáhùn ti wá láti òde nìyẹn.

Kí ẹ tó ra ti gbogbo iléeṣẹ́, ẹ ra ẹyọ kan. Ẹ fi sórí kọ̀ǹpútà kan, kí ó má jẹ́ ti ọ̀gá nítorí pé ọ̀gá kì í lo macro. Ẹ jẹ́ kí akáǹtáǹtì fi ẹ̀dà fáìlì owó oṣù tó kọjá ṣe iṣẹ́ oṣù náà látìbẹ̀rẹ̀ dópin lórí rẹ̀, kó sì fi èsì wé èyí tó ti ní tẹ́lẹ̀. Ìyàtọ̀ kọ́bọ̀ kan pàápàá yẹ kí ẹ wádìí. Ẹ tẹ lẹ́tà olórí ìwé yín jáde, nítorí pé ìlà kan tó bá sún sílẹ̀ lè sọ ìwé ojú kan di ojú méjì. Ẹ má ṣe èyí ní ìparí oṣù tàbí ní àkókò tí àwọn ayẹ̀wéwò bá wà nílé.

Ẹ kó gbogbo fáìlì pamọ́ síbòmíràn ṣáájú, kí ẹ sì ṣí díẹ̀ nínú èyí tí ẹ kó pamọ́ láti rí i pé wọ́n ń ṣí. Bí iná bá lọ láàárín ìgbà tí ètò tuntun ń wọlé, tí bátìrì sì ti kú, ètò lè wọlé ní ìdajì. Ẹ tan jẹnẹrétọ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Tí ẹ bá rí fáìlì kan tí tuntun kò lè ṣí rárá, tí kò sì sí ẹni tó lè tún un kọ, kò ní kí ẹ dá gbogbo iléeṣẹ́ dúró nítorí rẹ̀. Ẹ ya kọ̀ǹpútà kan sọ́tọ̀ pẹ̀lú Office àtijọ́, ẹ yọ okùn nẹ́tíwọ́kì rẹ̀, ẹ pa wáyà-lẹ́ẹ̀sì rẹ̀, kí ó máa ṣe iṣẹ́ kan ṣoṣo yẹn. Fún àwọn yòókù, tó bá jẹ́ 2024 ni ẹ rà, ẹ kọ ọjọ́ 9 oṣù kẹwàá 2029 sínú ìwé ètò ìnáwó nísinsìnyí, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi owó sápá kan fún un láti 2028.